Lẹkki àti Ajah: Bí ẹ̀tọ́ aráàlú láti péjọ àti láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ṣe rí nínú òfin, àti ohun tí ojú rẹ̀ ti rí lójú títì

Bí èèyàn bá wọkọ̀ láti Fíkítóríà Áílándì, tó ń lọ sí Ajah, apá ọ̀tún rẹ̀ ni ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Máròkó tẹ́lẹ̀ wà, níbi tí ilé àwọn olówó pọ̀ sí báyìí. Kò ní í rìn jìnnà kó tó kan ibùdó tí wọ́n kọ́ láti máa gba owó ojú ọ̀nà, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Tóògéètì Lẹkki. Bó bá ti kọjá ibẹ̀, lápá òsì, létí ọ̀sà, ni Otodo Gbame wà kí wọ́n tó wó o. Yóò tún kọjá Ìlàsàn àti Ìkọ̀tà, níbi tí ìjọba kó díẹ̀ nínú àwọn ará Máròkó lọ, kó tó wá dé Ajah. Ọ̀nà kan náà ni. Bí kò bá sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ìrìn náà kò tó wákàtí kan, ṣùgbọ́n ìjà tí àwọn aráàlú ti jà lójú ọ̀nà yìí kí wọ́n lè dúró, kí wọ́n sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì kó ara wọn jọ, ti lé ní ọgbọ̀n ọdún.

A gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ nítorí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì gbàgbọ́ pé ìjọba ló ń fún aráàlú láṣẹ kí wọ́n tó lè péjọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Abala 39 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún gbogbo èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti ní èrò tirẹ̀ àti láti sọ ọ́ jáde. Abala 40 sọ pé oníkálùkù lè bá ẹlòmíràn péjọ ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀, kó sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tàbí kó wọ ẹgbẹ́ tó bá wù ú láti dáàbò bo ohun tó kàn án. Lóòótọ́, abala 45 gba ìjọba láàyè láti dín àwọn ẹ̀tọ́ yìí kù nítorí ààbò ìlú, ìlera gbogbogbòò tàbí ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn, àmọ́ òfin tó bójú mu nínú ìjọba tiwa-n-tiwa ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ṣe é, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá ọlọ́pàá.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ọlọ́pàá gan-an ti dé ilé-ẹjọ́. Lọ́dún 2003, àwọn ọlọ́pàá tú ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú ANPP ká nílùú Kano, wọ́n ní wọn kò gba ìwé àṣẹ. ANPP àti àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn gba ilé-ẹjọ́ lọ, agbẹjọ́rò Fẹ́mi Fálànà sì ṣojú wọn. Ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ dá wọn láre lọ́dún 2005. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, ọdún 2007, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí ìdájọ́ náà pé òfin tó ní kí aráàlú gba ìwé àṣẹ kí wọ́n tó wọ́de ta ko ìwé òfin ilẹ̀ wa. Ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2020, òfin tuntun tó de iṣẹ́ ọlọ́pàá tún fi kún un. Ó ní bí ẹgbẹ́ kan bá ti fi tó ọlọ́pàá létí pé òun fẹ́ wọ́de lójú títì, iṣẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá àdúgbò náà ni láti kó àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ jáde láti dáàbò bo àwọn olùwọ́de. Kí òǹkàwé kíyè sí oṣù yẹn dáadáa. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn tí wọ́n buwọ́ lu òfin náà ni ìbọn dún ní Tóògéètì.

ÀWỌN WO NI Ẹgbẹ́ ARÁÀLÚ?

Bí wọ́n bá dárúkọ ẹgbẹ́ aráàlú, ohun tó máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni àwọn tó wọ kóòtù, tí wọ́n ń ṣèpàdé ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá l'Ábùjá. Àwọn yẹn wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn onílé ní Badore, ẹgbẹ́ àwọn apẹja létí ọ̀sà, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jà ní Ajah, ẹgbẹ́ àwọn tó jọ jáde ilé-ìwé, títí kan ìjọ àti mọ́ṣáláṣí tó wà ní gbogbo kọ̀rọ̀ ọ̀nà Lẹkki sí Ẹ̀pẹ́, ẹgbẹ́ aráàlú ni gbogbo wọn. Nínú òfin tó de iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2020, abẹ́ ìpín kan náà ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC. Wọn yóò yan àwọn alámòójútó, wọn yóò kọ ìlànà ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọn yóò sì polówó orúkọ náà nínú ìwé ìròyìn méjì. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn ní ọjọ́ 28 láti kọ̀wé ta kò ó. Ẹgbẹ́ tí kò forúkọ sílẹ̀ kò rú òfin o, nítorí abala 40 kò béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò lè fi orúkọ ara rẹ̀ ra ilẹ̀.

Ẹni tó bá sì sọ pé àṣà òyìnbó ni, kó rántí Abẹ́òkúta. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti jẹ́ olórí fún ló wọ́de ta ko owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, títí Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi fi ìlú sílẹ̀ lọ́dún 1949. Wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì láti ṣe é.

LÁTI MÁRÒKÓ DÉ OTODO GBAME

Ní oṣù Keje, ọdún 1990, lábẹ́ ìjọba ológun, Gómìnà Raji Rasaki fún àwọn ará Máròkó ní ọjọ́ méje péré láti kó jáde. Nígbà tí ọjọ́ pé, katakata wọlé. Àwọn tó pàdánù ibùgbé tó nǹkan bí 300,000. Ìjọba ní ilẹ̀ náà rẹlẹ̀, pé omi lè bò ó, pé ibẹ̀ kò sì mọ́ tó fún èèyàn láti gbé. Ilé tó gbówó lórí ló padà hù níbẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn onílé ni wọ́n kó lọ sí Ìlàsàn, Ìkọ̀tà àti Ẹ̀pẹ́. Àwọn ayálégbé tó pọ̀ jù níbẹ̀ kò rí ibi kankan gbà.

Nígbà yẹn, ẹgbẹ́ tó lè bá wọn gbé ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀, ìjọba ológun kò sì fẹ́ kí wọ́n pọ̀. Lọ́dún 1995 ni Felix Morka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá SERAC sílẹ̀ l'Ékòó, wọ́n sì mú ọ̀rọ̀ àwọn ará Máròkó ní òkúnkúndùn. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ló gbé ọ̀rọ̀ àwọn Ògóni lọ síwájú ìgbìmọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, wọ́n sì járe lọ́dún 2001. Ìgbìmọ̀ náà sọ nínú ìdájọ́ yẹn pé ìjọba kò lẹ́tọ̀ọ́ láti wó ilé lé aráàlú lórí. Èèyàn lè rò pé ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì nìkan ni ẹjọ́ Ògóni dá lé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Máròkó yóò mọ ìdí tí ẹgbẹ́ kan l'Ékòó fi tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ ilé.

Ọ̀rọ̀ owó ojú ọ̀nà gba ibòmíràn yọ. Lọ́dún 2006 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bá iléeṣẹ́ LCC ṣe àdéhùn ọgbọ̀n ọdún lórí ọ̀nà Lẹkki sí Ẹ̀pẹ́, tó gùn ní nǹkan bí kìlómítà 49. Ní oṣù Kejìlá, ọdún 2011, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba 120 náírà lọ́wọ́ onímọ́tò kéékèèké. Àwọn olùgbé ibẹ̀ ní kò sí ọ̀nà mìíràn tó dára tí ẹni tí kò fẹ́ sanwó lè gbà. Wọ́n wọ́de, wọ́n kọ̀wé, wọ́n lọ sílé-ẹjọ́. Nígbà tí afárá Lẹkki sí Ìkòyí tún dé lọ́dún 2013, agbẹjọ́rò Ebun-Olu Adegboruwa pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí owó tí wọ́n ń gbà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹta, ọdún 2014, Adájọ́ Saliu Saidu ti ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ sọ pé kò sí òfin tó gbè é lẹ́sẹ̀. Ìjọba pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, wọ́n sì ń gba owó wọn lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àwọn tó ń bá LCC jà ní agbẹjọ́rò, wọ́n ní mọ́tò, ohùn wọn sì ń dé orí rédíò. Àwọn Ẹ̀gùn tó ń pẹja ní Otodo Gbame kò ní irú ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2016, Gómìnà Akinwunmi Ambode kéde pé òun yóò wó gbogbo ilé pákó tó wà létí omi, ó ní àwọn ajínigbé ń fi ibẹ̀ ṣe ibùba. Àwọn ará ibẹ̀ kó ara wọn jọ pẹ̀lú àwọn àdúgbò mìíràn lábẹ́ àjọṣepọ̀ àwọn olùgbé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ JEI tó ń ṣe ìrànwọ́ òfin sì dúró tì wọ́n. Ilé-ẹjọ́ gíga Èkó pàṣẹ ní ọjọ́ 7, oṣù Kọkànlá, pé kí wọ́n má wó o. Ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹta lẹ́yìn àṣẹ náà ni iná àti katakata kan ilé wọn. Ìjọba ní ìjà àárín àwọn ará àdúgbò ló fa iná náà. Ní oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2017, Adájọ́ Adeniyi Onigbanjo tún ní kí wọ́n dáwọ́ dúró kí àwọn méjèèjì sì jọ jókòó sọ ọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba padà wá ní oṣù Kẹta, wọ́n tún padà wá ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹrin. Ẹnì kan kú nípa ìbọn lọ́jọ́ yẹn. Àjọ Amnesty International ṣírò àwọn tí wọ́n lé kúrò sí bíi 30,000.

Ìdájọ́ tó kẹ́yìn jáde ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹfà, ọdún 2017: lílé èèyàn jáde láìfún wọn ní ibi tí wọn yóò forí pamọ́ sí jẹ́ ìwà ìkà tó ń rẹ ọmọnìyàn sílẹ̀, ìjọba sì gbọ́dọ̀ bá wọn jíròrò lórí ibi tí wọn yóò kó wọn lọ. Ní ọjọ́ tí adájọ́ ka ìdájọ́ yìí, kò sí ilé kankan ní Otodo Gbame mọ́.

TÓÒGÉÈTÌ

Ìwọ́de EndSARS tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2020, kò ní olórí, kò sì ní ọ́fíìsì. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ọ̀dọ́ fi Tóògéètì ṣe ibùjókòó. Wọ́n ń se oúnjẹ níbẹ̀, wọ́n ń gbá ilẹ̀, wọ́n ní agbẹjọ́rò àti ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn. Ní ọjọ́ 20, ìjọba ìpínlẹ̀ kéde kónílé-ó-gbélé. Ní nǹkan bí aago méje alẹ́ ku díẹ̀, àwọn ṣọ́jà dé, ìbọn sì dún bí àwọn èèyàn ṣe jókòó tí wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè.

Iye àwọn tó kú ni awuyewuye ṣì ń bá. Iléeṣẹ́ ológun kọ́kọ́ ní irọ́ ni. Nígbà tó yá, wọ́n gbà pé àwọn ṣọ́jà wà níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba Èkó gbé kalẹ̀, tí Adájọ́-fẹ̀yìntì Doris Okuwobi jẹ́ alága rẹ̀, jókòó ní Lẹkki fún ọdún kan gbáko, ó sì fi àbọ̀ rẹ̀ jẹ ìjọba ní ọjọ́ 15, oṣù Kọkànlá, ọdún 2021. Adegboruwa tó pe ẹjọ́ afárá náà wà lára àwọn ọmọ ìgbìmọ̀. Nínú àbọ̀ tó jáde síta, wọ́n ka àwọn mẹ́sàn-án sí òkú, wọ́n sì fi ohun tó ṣẹlẹ̀ wé ìpakúpa. Kò pé oṣù kan tí ìjọba fi tẹ ìwé tirẹ̀ jáde, ó ní òun kò gba ìyẹn wọlé. Lọ́dún 2023, ìwé ìjọba kan já síta lórí owó tí wọ́n fẹ́ fi sin òkú 103. Ìjọba ní àwọn àdúgbò mìíràn ni wọ́n ti kó òkú wọ̀nyẹn, pé kò sí èyí tó ti Tóògéètì wá.

Ilé-ẹjọ́ àjọ ECOWAS ló sọ̀rọ̀ tó ṣe kókó jù. Àwọn obìnrin mẹ́ta tó wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, tí DJ Switch tó fi íntánẹ́ẹ̀tì gbé ìṣẹ̀lẹ̀ náà sáfẹ́fẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, pe Nàìjíríà lẹ́jọ́. Ní ọjọ́ 10, oṣù Keje, ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ náà sọ pé Nàìjíríà tẹ ẹ̀tọ́ wọn mọ́lẹ̀ láti sọ̀rọ̀, láti péjọ àti láti bá ẹlòmíràn kẹ́gbẹ́, pé kò sì ṣe ìwádìí tó péye. Wọ́n ní kí ìjọba san mílíọ̀nù méjì náírà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ̀sùn pé ìjọba tẹ ẹ̀tọ́ wọn láti wà láàyè mọ́lẹ̀ ni ilé-ẹjọ́ dà nù.

Láti ìgbà náà, Tóògéètì ti di ibi tí ọlọ́pàá máa ń ṣọ́ lójú méjèèjì. Ní ọjọ́ 13, oṣù Kejì, ọdún 2021, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ wọ́de nítorí pé wọ́n fẹ́ dá ibùdó náà padà fún LCC, wọ́n kó bíi ogójì wọn, Mr Macaroni aláwàdà wà nínú wọn. Nígbà ìwọ́de oṣù Kẹjọ, ọdún 2024, lórí ọ̀wọ́n gógó, ilé-ẹjọ́ Èkó ní ọgbà méjì péré, ní Òjòtá àti Kétu, ni kí wọ́n lò. Ní ọjọ́ ìrántí oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, ọlọ́pàá yin tajútajú sí àwọn tó wá sí Tóògéètì, wọ́n sì mú àwọn kan. Àjọ CIVICUS, tó ń fi ipele márùn-ún díwọ̀n òmìnira aráàlú lágbàáyé, ti já Nàìjíríà wá sí ipele kẹrin láti ọdún 2019, ṣáájú ìbọn Lẹkki.

OWÓ KÌ Í PARIWO

Ọ̀pá ọlọ́pàá máa ń hàn nínú fọ́tò. Owó tí wọ́n dí mọ́ báǹkì kì í hàn. Nígbà EndSARS, àwọn obìnrin tó dá Feminist Coalition sílẹ̀ kó owó tó lé ní mílíọ̀nù 147 náírà jọ fún oúnjẹ, ìtọ́jú àti agbẹjọ́rò. Nígbà tí wọn kò rí àkáǹtì lò mọ́, bitcoin ni wọ́n fi ń gba owó. Ní oṣù Kọkànlá, báǹkì àpapọ̀ gba àṣẹ ilé-ẹjọ́ láti ti àkáǹtì 20 tó jẹ́ ti àwọn tó lọ́wọ́ sí ìwọ́de náà pa. Ó di oṣù Kejì ọdún 2021 kí wọ́n tó ṣí i.

Òfin náà tún ní àlàfo tirẹ̀. Abala 839 nínú òfin ọdún 2020 fún CAC lágbára láti dá alámòójútó ẹgbẹ́ dúró, kó sì fi ẹlòmíràn sí i fún ìgbà díẹ̀, bó bá gbàgbọ́ pé wọ́n ń ṣe owó báṣubàṣu. Àwọn ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ ló kọ́kọ́ figbe ta, wọn kò sì jẹ̀bi. Ṣáájú èyí, àbá òfin kan wà níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin láti ọdún 2016, tí ìbá sọ ọ́ di dandan kí ẹgbẹ́ máa tún ìwé rẹ̀ gbà ní ọdún méjì méjì. Ìpàdé ìtagbangba oṣù Kejìlá, ọdún 2017, ni àwọn ẹgbẹ́ ti dìde sí i, àbá náà kò sì di òfin.

Irú èyí kò mọ sí ilẹ̀ wa. Lọ́dún 2017, orílẹ̀-èdè Hungary ṣòfin pé ẹgbẹ́ tó bá gba owó kọjá iye kan láti òkèèrè gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sára ìwé rẹ̀ pé àjèjì ló ń bọ́ òun. Ilé-ẹjọ́ àjọ EU fagi lé e ní oṣù Kẹfà, ọdún 2020, Hungary sì yọ òfin náà kúrò lọ́dún 2021, kó tó tún ṣe òmíràn lọ́dún 2023. Àjọ EU fúnra rẹ̀ ya bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ owó Yúrò àti díẹ̀ sọ́tọ̀ láàárín ọdún 2021 sí 2027 fún àwọn ẹgbẹ́ tó ń gbèjà ẹ̀tọ́ láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì gbé ìlànà tuntun kan kalẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2025, láti dáàbò bò wọ́n. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé owó orí àwọn ará Yúróòpù ni wọ́n ń ná. Tiwa ń ti òde wá, nígbà tí Amẹ́ríkà sì ti USAID pa ní oṣù Keje, ọdún 2025, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ní Nàìjíríà dín òṣìṣẹ́ kù. Lójú tèmi, ẹgbẹ́ onílé tó ń dá owó lóṣooṣù ní Ajah ti ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ńlá kò ní.

Fún ẹni tó bá fẹ́ péjọ, àwọn ohun tí òfin là sílẹ̀ kò pọ̀. Kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ọlọ́pàá àdúgbò, kí o gba ẹ̀dà tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lù. Ìfitónilétí ni, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ ẹni mọ́lẹ̀, ìlànà ilé-ẹjọ́ ti ọdún 2009 lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn gbà kí ẹgbẹ́ pe ẹjọ́ lórúkọ ẹlòmíràn, adájọ́ kò sì gbọdọ̀ dà á nù nítorí pé ọ̀rọ̀ kò kan ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò lówó agbẹjọ́rò lè lọ sí ọ́fíìsì OPD ti ìjọba Èkó tàbí Legal Aid Council, kò sì ní í san kọ́bọ̀. Ní ti ẹni tí wọ́n bá mú, abala 35 sọ pé ọjọ́ kan ni ọlọ́pàá ní láti gbé e dé ilé-ẹjọ́ bí ilé-ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n tì í mọ́, àfi bí ẹ̀sùn náà bá jẹ́ èyí tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú. Láti Ajah dé àwọn ilé-ẹjọ́ tó wà ní erékùṣù Èkó kò tó kìlómítà 40.